Ìwé Gbèsè

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́yìn Òkèsà
a máa húkọ́ kó tó jí láàárọ̀.
Orúkọ òkú ni mo fi ń jẹun:
"Sùn re o, Ìyá Àgbà."
Àmì orí "ọ̀run" kò gbọdọ̀ ṣìnà,
ọ̀run ọ̀tọ̀, ọrùn ọ̀tọ̀,
ẹbí ò ní sanwó bí ìyá wọn bá lọ sí ọrùn.

Ọdún mẹ́fà rèé.
Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó mọ àmì ohùn bíi tèmi
ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.
Ó fi ẹgbẹ̀rún méjì kún owó oṣù mi.

Lálẹ́, bí iná bá lọ, tí ọ̀gá náà lọ,
mo máa ń kọ tèmi sẹ́yìn bébà tó bàjẹ́.
Lójú kan, àwòrán olóògbé nínú fìlà;
lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kan ń gun òkè lọ Ìmọ̀
lọ pàdé ẹni tó fẹ́.
Ìtàn náà gùn. Òkú tó lé ní igba ló pọ̀n ọ́n.

Èdè wa ṣe mí lóore.
Ó ní "ó", ó dákẹ́.
"Ó fọwọ́ kan irun mi." "Ó ní kí n máa bọ̀."
Ta ló lè mọ̀ bóyá sòkòtò ni tàbí ìró?
Màmá mi gan-an á ké láti yàrá:
"Ẹni tó pè ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti jẹun?"
"Ó ti jẹun, mà."
"Iṣẹ́ wo ló tiẹ̀ ń ṣe?"
"Wésílì ló wà, mà. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n yàn fún un."
"Dókítà!" ni màmá mi wí, ó gbàdúrà, ó sùn.

Ọdún mẹ́ta la fi gbé inú lẹ́tà róbótó yẹn,
èmi àti Ìyùnadé,
bí ẹni méjì lábẹ́ agboòrùn kan.
Òjò ò pa wá. Ṣùgbọ́n a ò rí ẹsẹ̀ nà.

Nígbà tí ìwé parí, mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.
Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kọkànlélógún:
ìwé dára, èdè jinlẹ̀, akọ̀wé àwọn sunkún.
Ṣùgbọ́n lójú ewé àádọ́rin,
ẹni tí à ń pè ní "ó" tú gèlè.
Ṣé mo lè bá wọn dé e ní fìlà?
Nǹkan kékeré ni, wọ́n ní.

Èmi tí mo ń gbowó lórí àmì kan!
Èmi tí mo mọ̀ pé ìlà bíńtín lórí lẹ́tà
lè gbé ìyá oníyàá kúrò lọ́run,
kó sì gbé e kọ́ ọrùn!

Ìyùnadé ka lẹ́tà náà tòun ti aṣọ iṣẹ́,
òórùn oògùn apakòkòrò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò bínú. Ó ní, "Fìlà wo ni wọ́n fẹ́ dé fún mi?
Abetí ajá ni, àbí gọ̀bì?"
A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi gbá ògiri.
Lẹ́yìn náà ó rọra ní:
"Bí o bá nílò owó náà, yí i. Èmi mọ ara mi."
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọṣómàáló ni bàbá àgbà mi.
Ó ta aṣọ láwìn títí dé Ìkàrẹ́.
Ìwé gbèsè rẹ̀ wà nínú àpótí mi:
"Alágbẹ̀dẹ: ọ̀pá mẹ́fà. Kò tíì san."
Wọ́n ní kì í jà, kì í pariwo.
Á dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè ní ìdájí,
á lóṣòó,
á ní òun ò ní jókòó, òun ò sì ní lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo dá Ìbàdàn lóhùn,
pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀:
Obìnrin ni. Gèlè rẹ̀, pupa ni.
N kò retí èsì kíákíá.

Alẹ́ ọjọ́ náà, mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá màmá mi.
Ó gbé ojú sókè nídìí Bíbélì.
Ó ní, "Kí ló dé tí o ò jókòó?"